Orí idẹ Ifẹ̀ yẹ lójú náírà: ẹ wo ohun tí Íjíbítì ṣe

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín. Nígbàkigbà tí ẹnì kan bá dábàá pé kí wọ́n ya orí idẹ Ifẹ̀ sójú náírà, èsì tí a máa ń gbọ́ ní Ilé-Ifẹ̀ níbí ni pé ère ni, nǹkan ìbọ ni, àwọn ẹlẹ́sìn kò ní gbà. Ẹni tó bá ti yẹ owó bébà Íjíbítì wò tẹ̀yìn tojú kò ní sọ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Mùsùlùmí ló pọ̀ jù ní Íjíbítì. Síbẹ̀, ìlànà owó wọn ni pé kí mọ́ṣáláṣí wà lójú kan, kí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wọn wà lójú kejì. Ojú mọ́ṣáláṣí ni wọ́n ń kọ Lárúbáwá sí, kò sì sí àwòrán èèyàn níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló wà lójú kejì, ibẹ̀ sì ni àwọn ère àti tẹ́ńpìlì wà. Ẹ mú pọ́ùn 5 wọn: mọ́ṣáláṣí Ibn Tulun, tí wọ́n kọ́ parí ní 879, ló wà lójú kan. Ẹ yí i padà, Hapi lẹ máa bá níbẹ̀, òrìṣà tí àwọn ará ìgbàanì ń bọ nítorí àkúnya odò Náílì, bí ìgbà tí a bá ya Ọ̀ṣun sójú owó tiwa. Owó yẹn ni aláàwẹ̀ fi ń ra oúnjẹ ìṣínu, kò sì sẹ́ni tó ń forí balẹ̀ fún un.

Lórí pọ́ùn 100, mọ́ṣáláṣí Sultan Hassan ló kọjú sí kìnnìún olórí èèyàn tó wà ní Giza. Èyí tó wù mí jù ni pọ́ùn 200, tó tóbi jù nínú gbogbo wọn. Wọn kò ya ọba sí i. Akọ̀wé ni wọ́n yà, ó ká ẹsẹ̀ jókòó, ó tẹ́ ìwé sórí itan. Nígbà tí wọ́n lé Ọba Farouk kúrò lórí oyè ní 1952, ojú Tutankhamun ni wọ́n fi rọ́pò tirẹ̀ lórí owó, ẹni tó ti kú láti bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọdún ó lé, tí kò ṣẹgbẹ́ òṣèlú kankan.

Àléébù kì í ṣàìsí o. Pọ́ùn 50 wà, kọ́bọ̀ tiwọn 50 náà wà lórí bébà, wọ́n sì máa ń fi ìkejì rẹ́ àlejò jẹ. Lójú Lárúbáwá, òbìrípo ni wọ́n fi ń kọ márùn-ún, àmì tóńtó ni òdo. Ẹni tí kò lọ ilé kéú lè pe márùn-ún ní òdo. Àwòrán ló ń gba irú ẹni bẹ́ẹ̀: tẹ́ńpìlì Edfu ni ti pọ́ùn, ère Ramesses Kejì ni ti kọ́bọ̀.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ló kù, ibẹ̀ gan-an ni orí Ifẹ̀ ti yẹ jù. Àwo irin ni wọ́n ń gbẹ́ àwòrán owó sí, ní ìlà wẹ́wẹ́. Tàdáwà á wọ inú ìlà, wọ́n á nu ojú àwo mọ́, ẹ̀rọ á wá fi agbára ńlá tẹ bébà wọnú ìlà náà lọ gbé tàdáwà jáde. Ìdí nìyẹn tí owó tuntun fi ń họ àtàǹpàkò. Ibi tó bá ṣókùnkùn, ìlà á nípọn, á sún mọ́ra. Ibi tó bá mọ́lẹ̀, ìlà á tín-ín-rín, á jìnnà síra. Púpọ̀ nínú àwọn orí tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938 ló ní ìlà tó sàn láti iwájú orí dé àgbọ̀n, tó ń tẹ̀ lé ìyípo ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kí agbẹ́nà má fa ìlà òjìji tirẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wọn lọ, torí wọ́n á papọ̀, ojú á dúdú kọrọbọtọ. Ìlà ojú orí náà ni kó sọ di òjìji: kó mú un nípọn lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, kó mú un tín-ín-rín létí imú. Kó sì yà á ní ìdajì ẹ̀gbẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ ti apá kan wá. Bí ó bá kọjú síni gbọọrọ, imú àti ètè á tẹ́ pẹrẹsẹ.

Àwòrán tó ń hàn tí a bá gbé owó sí ìmọ́lẹ̀ yàtọ̀. Nínípọn àti fífẹ́lẹ́ bébà fúnra rẹ̀ ló ń gbé e jáde, ìlà wẹ́wẹ́ kò lè dúró níbẹ̀. Orí tí ojú rẹ̀ dán ni kí wọ́n lò fún ìyẹn, ó wà nínú àwọn ti 1938 náà. Kí wọ́n má sì gbé iṣẹ́ yìí sórí owó onírọ́bà bíi náírà 20, nítorí tàdáwà kì í wọ rọ́bà lára, ó máa ń ṣí.

Mi ò ní kí wọ́n yọ Olóyè Awólọ́wọ̀ kúrò lórí náírà 100. Ẹ̀yìn náírà 1000 ni mo ń wò, níbi tí wọ́n ya ilé báńkì ìjọba sí. Ẹ̀yìn náírà 20, níbi tí Ladi Kwali ti ń mọ ìkòkò, dára jù ú lọ fíìfíì. Kí wọ́n kọ Ilé-Ifẹ̀ sábẹ́ orí náà, kí wọ́n sì tètè ṣàlàyé fáráyé. Ní 2021, nígbà tí Íjíbítì fi àwòrán owó rọ́bà wọn hàn, àwọ̀ òṣùmàrè tó wà fún ààbò ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń bínú sí, torí wọ́n rò pé àsíá àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin àti obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin ni, kí báńkì tó là á yé wọn.

Kí ẹni tí wọ́n bá gbéṣẹ́ fún má fi fọ́tò orí kan ṣoṣo tó wà ní London ṣiṣẹ́. Kó wá sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Ẹ̀nuwá, kó gbé ìmọ́lẹ̀ yí àwọn orí náà ká, kó yà wọ́n lójú ara wọn.

Olùkọ́ iṣẹ́ ọnà kan,
Ilé-Ifẹ̀