Kí ọmọ rẹ kọ́kọ́ ṣírò ọjọ́ orí

Sùúrùlérè, Èkó

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ẹ kú òtútù o, ìwọ àti ará ilé rẹ. Ọmọ rẹ ní kí o bi mí bí lọ́yà ṣe ń di adájọ́ ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà. Ọjọ́ orí ni kó kọ́kọ́ ṣírò.

Ìwé òfin ní kéèyàn ti gba ẹ̀tọ́ láti ṣe lọ́yà ní Nàìjíríà fún ọdún 15, ó kéré tán. Ní Nàìjíríà ni mo wí: èyí tó bá fi ṣe lọ́yà ní Lọ́ńdọ̀nù kó tó gba ẹ̀tọ́ yẹn kò sí nínú ìṣirò. Orí ìwé sì nìyẹn. Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ni wọ́n ti sábà ń mú wọn, ọ̀pọ̀ àwọn yẹn náà sì ti ilé-ẹjọ́ gíga débẹ̀. Wo Kudirat Kekere-Ekun, ọmọ Èkó tiwa: lọ́yà ní 1981, májísíréètì l'Ékòó ní 1989, ilé-ẹjọ́ gíga ní 1996, kòtẹ́milọ́rùn ní 2004, ó wọ ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní 2013. 2024 ló tó di adájọ́ àgbà pátápátá. Ẹni 70 ọdún gbọ́dọ̀ fẹ̀yìn tì, oṣù karùn-ún 2028 ni tirẹ̀ yóò pé. Láti ilé-ẹjọ́ gíga dé òkè, ọdún 17 ló fi rìn ín. Ẹni tó bá wá wọ ilé-ẹjọ́ gíga lẹ́ni ọdún 55 ńkọ́? 15 péré ló kù fún un.

Àyè pàápàá kì í yọ bó ṣe wuni. Yàtọ̀ sí adájọ́ àgbà, òfin kò gbà ju 21 lọ. Àwọn tó fẹ̀yìn tì sọ ọ̀pọ̀ àga di òfìfo títí wọ́n fi búra fún 11 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní February 2024. NJC, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn adájọ́, ló ń dábàá orúkọ, Ààrẹ a yàn, àwọn aṣòfin àgbà a sì fọwọ́ sí i.

Ohun kan wà tí wọn kì í sọ fún ọ̀dọ́: bí wọ́n bá gbé adájọ́ ga, ẹjọ́ tó ń gbọ́ lọ́wọ́ yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ níwájú ẹlòmíràn. Wọ́n gbìyànjú láti fi òfin yí i padà fún ẹjọ́ ọ̀daràn, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ wọ́gi lé e ní 2020. Kó má fi ẹjọ́ jọ sílẹ̀ o. Láàárín 90 ọjọ́ tí lọ́yà bá ti sọ̀rọ̀ ìkẹyìn, ìdájọ́ gbọ́dọ̀ jáde, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ adájọ́ ṣì ń fọwọ́ kọ ẹ̀rí sílẹ̀.

Tó bá fẹ̀yìn tì tán, kò lè padà wá ṣe lọ́yà ní kóòtù kankan.

Nígbà tó jẹ́ òkè òkun ló ti ń kàwé, Bar Part One, ẹ̀kọ́ àwọn tó kàwé òfin lókè òkun, ni yóò kọ́kọ́ ṣe ní Law School, ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń di lọ́yà, kó tó kan Part Two tí gbogbo wọn jọ ń ṣe. Kó kọ̀wé sí mi tó bá ti ṣe tán.

Bá mi kí ìyá wa.

Èmi ni tìrẹ,
Délé