Ẹ̀sùn lórí tiransifọ́mà áńpílífáyà tí ẹ tà fún mi

Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.

Sí ọ̀gá tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ oníbàárà,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ọjà. Mi ò mọ orúkọ yín torí gbogbo ẹni tó ń dá mi lóhùn lórí WhatsApp yín ò sọ tiwọn, àmọ́ ẹni tó láṣẹ láti dá owó padà ni mo kọ lẹ́tà yìí sí. Tiransifọ́mà tí ẹ fi ránṣẹ́ láti Èkó, irin oníwáyà tó ń pín iná fún áńpílífáyà ní iye tó ń lò, òun kọ́ ni mo rà. Ẹ wá gbé e, kí ẹ dá ₦185,000 mi padà pẹ̀lú owó wébíìlì, àbí kí ẹ fún mi ní èyí tí mo bèèrè gan-an.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé kó má lọ dà bíi pé oníwàhálà ni mí. Áńpílífáyà gìtá onífáàfù ni mo ní (fáàfù ni àwọn ìgò bíi gílóòbù tó ń ṣiṣẹ́ iná nínú ẹ̀), Fender Deluxe Reverb, èyí tí wọ́n ṣe fún iná Amẹ́ríkà, 120 fóòtì (V). Jùjú la fi ń lu, ẹni tó bá mọ jùjú á mọ̀ pé tí gìtá ò bá ti dún kedere, kí gbogbo wa kó ẹrù wa ká máa lọ sílé ni. Ẹnì kan ló gbé e sínú sókẹ́ẹ̀tì wa tààrà láìbèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni níbi òde kan ní Bódìjà, ibẹ̀ ni tiransifọ́mà tó bá a wá jóná sí, èéfín gba gbogbo abẹ́ kánópì. Ìdí tí mo fi ń wá èyí tó máa gba iná tiwa nìyẹn, kí ọ̀rọ̀ sítẹ́pù-dáùn, àpótí tó ń dín fóòtì kù, tán lọ́rọ̀ mi.

Kí n tó san kọ́bọ̀ ni mo ti tẹ gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí yín, ó ṣì wà lórí fóònù mi, ẹ lọ wo tiyín náà. Mo ní kí ibi tó ń gba iná jẹ́ 240 fóòtì, 50Hz (iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), torí 230 tí wọ́n ń kọ sínú ìwé yẹn, mítà mi ti rí 190 rí, ó ti rí 250 rí. Mo ní kí iná gíga jẹ́ 330-0-330, ìyẹn 330 fóòtì láti àárín sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, mílíámpíà 150. Mo ní 5 fóòtì ámpíà 3 fún fáàfù GZ34 tó ń sọ AC (iná tó ń lọ tó ń bọ̀) di DC (iná tó ń lọ sápá kan ṣoṣo), mo ní wáyà bias tó ń kó fáàfù ńlá níjàánu, nǹkan bí 50 fóòtì, mo wá ní 6.3 fóòtì ámpíà 4 tó máa tan àwọn fáàfù yòókù. Mi ò dédé pe ámpíà 4 o. 6V6, fáàfù ńlá tó ń ti sípíkà, ọ̀kan ń mu ámpíà 0.45, méjì ló wà níbẹ̀, ìyẹn 0.9, fáàfù kéékèèké mẹ́fà ń mu 0.3 lọ́kọ̀ọ̀kan, 1.8, ẹ rò ó pọ̀, 2.7, a ò tíì ka gílóòbù pupa iwájú ẹ̀ mọ́ ọn, èèyàn sì gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ nítorí ooru.

Kí lẹ wá gbé wá? Wọ́n kọ ọ́ sára ẹ̀ gàdàgbà: 115V 60Hz, 400-0-400, 6.3V 2A. Kò sí 5 fóòtì, kò sí wáyà bias. Mo pè yín, ẹni tó gbé fóònù ní "bọ̀ọ̀dá, wọ́n jọra, ihò nọ́ọ̀tì wọn bára mu, èyí tiẹ̀ tún wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ." Ihò nọ́ọ̀tì kẹ̀! Ó dà bí kí n ní kí tẹ́lọ̀ rán agbádá fún mi kó wá lọ máa wọn hángà.

Ó tún ní ṣebí mo ní sítẹ́pù-dáùn, kí n fi lò ó. Ibí yìí gan-an ló bí mi nínú jù, torí ẹni tó ń ta tiransifọ́mà yẹ kó mọ̀ pé fóòtì nìkan ni sítẹ́pù-dáùn ń dín kù, kò sí èyí tó ń sọ 50Hz di 60Hz. Irin tí wọ́n wọ̀n fún 60Hz, tẹ́ ẹ bá fún un ní fóòtì kan náà lórí 50Hz, agbára mágínẹ́ẹ̀tì inú irin yẹn á fi ìdá kan nínú márùn-ún lé sí i. Tí ẹni tó ṣe é bá ti ṣahun irin, irin á kún dẹ́nu, wáyà á máa fa iná tí kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní, á gbóná, á máa kùn. Àwọn kan máa ń fi irin kún un kó lè gba méjèèjì, wọ́n á sì kọ 50/60Hz sára ẹ̀. 60Hz nìkan ló wà lára tiyín. Mi ò sì fẹnu lásán sọ ọ́, a so gílóòbù mọ́ ojú wáyà tó ń wọ sítẹ́pù-dáùn, sítẹ́pù-dáùn nìkan, gílóòbù ò tàn, bá a ṣe so tiyín mọ́ ọn báyìí láìtíì gbé nǹkan kan lé e lórí, gílóòbù là, irin bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, nígbà tó yá ọwọ́ ò gbà á mọ́. Mo ya fídíò ẹ̀.

Ti 400 yẹn ńkọ́? Pẹ̀lú 330 àti GZ34, nǹkan bí 415 DC ni áńpílífáyà yìí máa ń ní, 6V6 sì ti ń forí tì í níbẹ̀ yẹn náà. Ẹni yín ní tí kò bá sí 5 fóòtì, kí n yọ GZ34 kí n fi dáyóòdù, èyí tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà láìlo fáàfù, sí i. Ó dáa, góńgó ibi tí 400 fóòtì AC ń ga dé jẹ́ 565, dáyóòdù ò sì ní dúró kí fáàfù gbóná kó tó da gbogbo ẹ̀ lé wọn lórí, bẹ́ẹ̀ 500 fóòtì ni kapásítọ̀ tó ń tọ́jú iná pamọ́ nínú tèmi lè gbà mọ. Ta ló máa san owó kapásítọ̀ tó bá bú? Ta ló máa san ti 6V6?

Mi ò bá má sọ èyí, àmọ́ ó dùn mí. Ẹni yín ní ẹ̀yin ará Ìbàdàn ò mọ ọ̀rọ̀ fáàfù, kí n má da ara mi láàmú. Ìbàdàn yìí kan náà tí WNTV, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ayé ìgbà yẹn, ti gbé tẹlifíṣọ̀n sáfẹ́fẹ́ ní 1959! Bàbá tó bá mi so gílóòbù yẹn, iléeṣẹ́ wọn ní Agódí ló ti kọ́ṣẹ́, ọwọ́ ẹ̀ ti wà nínú fáàfù kí wọ́n tó bí ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá a wí.

Ẹ ti kọ ọ́ sí ìdí risíìtì pé ọjà tẹ́ ẹ bá ti tà, ẹ ò ní gbà á padà. Òfin 2018 tó dá FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, sílẹ̀ ò gbà bẹ́ẹ̀ o. Tí oníbàárà bá ti sọ ohun tó fẹ́ fi ọjà ṣe fún ẹni tó ń tà á, tí ọjà ọ̀hún ò sì ṣe é, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti dá a padà kó gba owó ẹ̀. Èmi ò sọ lẹ́nu lásán, mo kọ ọ́ pẹ̀lú nọ́ńbà. Mi ò fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ wọn, àmọ́ ẹ̀dà lẹ́tà yìí wà nílẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá máa pààrọ̀ ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ya àwòrán ohun tó wà lára èyí tẹ́ ẹ fẹ́ gbé wá, kí n rí i kí ẹ tó fi í sọ́kọ̀. Tẹ́ ò bá ní irú ẹ̀, owó ni kẹ́ ẹ dá padà sínú akáǹtì tí mo fi san án. Mo ti dì í sínú páálí ẹ̀, mi ò gé wáyà kankan lára ẹ̀. Ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ máa rán ẹni tó máa gbé e.

Èmi ni,
Oníbàárà yín ní Mọ́kọ́lá