Abẹ́rẹ́ olóṣooṣù fún àìsàn ọpọlọ

Sí Olóòtú,

Ó ti pẹ́ tí àìsàn schizophrenia ti ń bá àbúrò mi jà ní Ìkòròdú níhìn-ín. Bí ara rẹ̀ bá sì ti yá díẹ̀ báyìí, yóò da oògùn oníhóró nù, ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́ yóò tún máa bá a sọ̀rọ̀. Ìgbà tí dókítà gbé e sórí abẹ́rẹ́ fluphenazine decanoate, tí wọ́n fi òróró pò kí ó lè máa wọ inú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 4, ni ìjà oògùn tó dópin nílé wa. Abẹ́rẹ́ náà lè mú kí ọwọ́ máa gbọ̀n, kí ara sì le (èyí ṣojú mi), nítorí náà ó yẹ kí dókítà máa yẹ aláìsàn wò. Ẹ bá wa bẹ ìjọba kí wọ́n máa gún un ní àwọn ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, torí owó ọkọ̀ dé ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Yábàá kì í ṣe kékeré.

Òǹkàwé yín,
Ìkòròdú.