Sílíkọ́nì inú iyanrìn kò yó ìrèké

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lórí ajílẹ̀ fún ìrèké, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì kà á. Ohun tí ẹ sọ nípa náítírójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti pòtáṣíọ̀mù dára, n kò bá yín jiyàn lórí ìyẹn. Gbólóhùn kan péré ló mú mi gbé gègé: ibi tí òǹkọ̀wé yín ti ní kí àgbẹ̀ má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu nípa sílíkọ́nì, nítorí pé inú iyanrìn ló wà, iyanrìn ò sì wọ́n.

Òótọ́ ni pé sílíkọ́nì pọ̀. Lẹ́yìn ọ́síjìn, kò sí èròjà tó pọ̀ tó o nínú èèpo ilẹ̀ ayé. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò kì í jẹ òkúta. Èyí tó ti yọ́ sínú omi ilẹ̀ nìkan ni ìrèké lè fà mu, iyanrìn sì lè wà nínú omi fún ọ̀pọ̀ ọdún láìfẹ́rẹ̀ẹ́ yọ́ rárá. Ìdí nìyí tí ilẹ̀ oníyanrìn gan-an fi wà lára àwọn ilẹ̀ tí sílíkọ́nì tí irúgbìn lè lò ti ṣọ̀wọ́n. Ilẹ̀ pupa tó ti gbó, níbi tí òjò àti ooru ti pọ̀, kò sàn jù ú lọ: láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni òjò ti ń ṣan sílíkọ́nì rẹ̀ lọ, irin àti alumíníọ̀mù ló kù síbẹ̀. Ilẹ̀ dúdú tó jẹ́ kìkì ewéko jíjẹrà, irú ti Everglades ní Florida, kì í ní tó bákan náà.

Ìrèké ẹ̀wẹ̀ kì í fi kékeré fa sílíkọ́nì. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1969, ìrèké olóṣù méjìlá lórí hẹ́kítà kan ti kó sílíkọ́nì kílò 379 sára. Pòtáṣíọ̀mù tó kó jẹ́ 362, náítírójìn jẹ́ 140 péré. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un kà. Náítírójìn tí à ń náwó lé lórí lọ́dọọdún kò tó ìdajì èyí tí wọ́n ní ká má ronú nípa rẹ̀. Bí wọ́n bá sì ti gé ìrèké kúrò lóko, sílíkọ́nì bá a lọ nìyẹn. Kùkùté á tún hù, á tún fà láti inú ilẹ̀ kan náà.

Kí ni ìrèké ń fi í ṣe? Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ lásán fa ewé rẹ̀ rí ti mọ̀ ọ́n láìmọ orúkọ rẹ̀. Ohun tó ń la ni lọ́wọ́ bí abẹ létí ewé yẹn, sílíkọ́nì tó ti le ni. Ó ń rẹ́ abẹ́ awọ ewé àti igi ìrèké bí ìgbà tí èèyàn ń rẹ́ ògiri. Ewé á nàró, á rí oòrùn gbà, omi ò ní tètè gbẹ lára rẹ̀. Níbi tí kò bá ti tó, àmì tó-tò-tó tó dà bí ìpẹtà máa ń yọ lójú ewé tí oòrùn ń pa, ewé ìsàlẹ̀ á sì gbẹ kí àkókò rẹ̀ tó tó.

Èyí tó jẹ mí lógún jù ni ti kòkòrò. Ní South Africa, kòkòrò Eldana saccharina ni ọ̀tá ìrèké: ìdin rẹ̀ ń lu igi ìrèké, á máa jẹ inú rẹ̀ lọ. Àwọn olùwádìí ibẹ̀ rí i pé bí wọ́n bá fún ìrèké ní sílíkọ́nì, ó máa ń pẹ́ kí ìdin tó ráyè wọlé. Bó bá sì ṣe pẹ́ níta tó ni èèrà àti àwọn ẹ̀dá mìíràn ń ráyè pa á jẹ. Irú ìrèké tí kòkòrò yìí fẹ́ràn jù ló tún jàǹfààní jù, pàápàá nígbà tí omi bá wọ́n. Ìyẹn nìkan ti tó ìdí fún mi.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni sáré lọ ra nǹkan o. Ìdàrọ́, ìyẹn pàǹtí tó ń kù nígbà tí wọ́n bá yọ́ irin, ni ọ̀pọ̀ ń lò, torí kálísíọ̀mù àti sílíkọ́nì wà nínú rẹ̀. Ní Hawaii wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da irú rẹ̀ sóko ìrèké ní àwọn ọdún 1960, ìrèké sì ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ìdàrọ́ tún máa ń dín kíkan ilẹ̀ kù, nítorí náà kì í ṣe gbogbo èrè tí a bá rí la lè kà sí sílíkọ́nì lọ́rùn. Òjé àti àwọn irin olóró mìíràn sì lè wà nínú èyí tí a kò bá yẹ̀ wò. Ilẹ̀ tó bá sì ti ní ànító, owó ṣòfò ni.

Mo mọ ibi tí àṣìṣe yẹn ti wá. Láti ìgbà tí Arnon àti Stout, àwọn onímọ̀ nípa irúgbìn, ti gbé òṣùwọ̀n wọn kalẹ̀ ní 1939, èròjà tí irúgbìn ò lè parí ayé rẹ̀ láìsí i nìkan ni à ń pè ní kò-ṣeé-má-nìí, sílíkọ́nì ò sì bọ́ sí i. Àwọn ìjọba kan ò torí ẹ̀ pa á tì: Japan fọwọ́ sí i bí ajílẹ̀ ìrẹsì ní 1955, Bràsíìlì, tí kò sí orílẹ̀-èdè tó ń gbin ìrèké tó o, kọ ọ́ sínú òfin ajílẹ̀ wọn ní 2004.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa tún ọ̀rọ̀ iyanrìn yẹn ṣe. Kí ẹ sì ní kí àwọn tó ń yẹ ilẹ̀ wò kọ̀wé fún wa lórí bí àgbẹ̀ ṣe lè bu erùpẹ̀ oko rẹ̀ àti ewé ìrèké rẹ̀ fún àyẹ̀wò sílíkọ́nì, torí ọ̀pọ̀ ló ń ṣe àyẹ̀wò ilẹ̀ tí wọn kì í béèrè rẹ̀ rárá.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín tó ń gbin ìrèké