Ẹ̀sùn lórí rọ́bà prẹ́ẹ̀sì tí ẹ tà fún mi

Kugbo, Abuja.
Ọjọ́ 17, Oṣù Kẹta, 2025.

Sí Ọ̀gá Àgbà Ilé Iṣẹ́,

Ẹ kú iṣẹ́ o.

Ní oṣù tó kọjá, mo ra rọ́bà polyurethane kan lọ́wọ́ yín ní ₦95,000, láìka owó ọkọ̀ láti Èkó. Ohun tí mo béèrè kò ju ìlà kan lọ: gígùn 200 mm, ìbú 200 mm, nínípọn 50 mm, líle 90 lórí òṣùwọ̀n líle rọ́bà tí wọ́n ń pè ní Shore A. Bẹ́ẹ̀ náà ni rìsíìtì yín kọ ọ́. Kì í ṣe ohun tó dé ọwọ́ mi nìyẹn.

Òdòdó alumí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ géètì ni mò ń ṣe. Páànù rẹ̀, tí wọ́n ti kùn lọ́dà, kò ju ìdajì mílímítà lọ. Tí mo bá ní kí tọ́nà ṣe dáì akọ àti abo, irin méjì tó ń wọ inú ara wọn, fún òdòdó kọ̀ọ̀kan, èrè ti wọlẹ̀. Ìdí tí mo fi gba ọ̀nà rọ́bà nìyí: irin kan ṣoṣo tí a gé ní ìrísí òdòdó, tí etí rẹ̀ mú, a gbé páànù lé e, rọ́bà inú àpótí irin bò ó, prẹ́ẹ̀sì tọ́ọ̀nù 100 tẹ̀ ẹ́. Rọ́bà á wọ gbogbo kọ̀rọ̀, á já páànù létí irin, á tẹ ìlà ewé sí i lára lẹ́ẹ̀kan náà, láìha ọ̀dà. Bí oníbàárà bá fẹ́ ìràwọ̀ lọ́la, irin nìkan ni mo máa pààrọ̀.

Rọ́bà tiyín jẹ́ 192 mm dípò 200 mm. Mo wọ̀n ọ́n títí ó fi sú mi. Ẹ lè ní kí ni mílímítà mẹ́jọ já mọ́. Rọ́bà kì í ṣe kànrìnkàn o. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, kì í kéré sí i, àyè ló máa ń wá. Àlàfo tó wà láàárín òun àti ògiri àpótí mi ló ń kọ́kọ́ sá lọ kún, kó tó rántí páànù. Ó tún wá rọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Idu, tó ń tún bẹ́líìtì ẹ̀rọ ṣe, fi durometer rẹ̀, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn líle rọ́bà, gún un níbi mẹ́ta: 71, 72, 71. Bó ṣe rọ̀ yẹn, ó ń yọ gba ẹnu àpótí, irin sì ń jẹ ẹ́. Nígbà tí a tẹ̀ ẹ́ dé ìgbà kọkànlélógójì, ọmọ iṣẹ́ mi ṣí àpótí, ó kàn ń wò mí lójú. Etí rọ́bà ti rún bí àkàrà àná. Òdòdó abẹ́ rẹ̀ kò já tán. Etí rẹ̀ ká kò bí etí ìwé ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

Mo pè yín. Ẹni tó gbé fóònù ní ooru Abuja ló mú un rọ̀. Ooru mú lóòótọ́, àmọ́ ní kùtùkùtù la wọ̀n ọ́n, lábẹ́ òrùlé. Ooru a sì máa mú rọ́bà fẹ̀ ni, n kò tíì gbọ́ èyí tó jẹ mílímítà mẹ́jọ lára rẹ̀. Ó tún ní, “Bàbá, ṣé rọ́bà ń gé irin ni?” Ẹni tó ń tà á ló ń bi mí! Láti àwọn ọdún 1930 ni ilé iṣẹ́ Douglas, tó ń ṣe ọkọ̀ òfúrufú ní Amẹ́ríkà nígbà náà, ti bẹ̀rẹ̀ sí fi rọ́bà ṣe irú iṣẹ́ yìí. Orúkọ ọ̀gbẹ́ni Guerin tó wà níbẹ̀ ni wọ́n fi ń pe ọ̀nà náà títí dòní. Ẹ bá mi fi tó ọmọdé náà létí.

Rọ́bà tí mo sanwó rẹ̀ ni mo fẹ́: 200 mm pérépéré, líle 90. Kó tó kúrò ní Èkó, ẹ gbé rúlà àti durometer lé e, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sí mi lórí WhatsApp. Owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ di tiyín. Bí kò bá sí, ẹ dá owó mi padà pẹ̀lú owó ọkọ̀. Mo ń retí yín di ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 28 oṣù yìí, nítorí ọgọ́ta òdòdó ni mo jẹ kọngilá kan ní Gwarinpa, àràárọ̀ ló sì ń pè mí báyìí.

Rọ́bà yín àti gbogbo èérún rẹ̀ wà nínú ọ̀rá níbí. Awakọ̀ yín lè wá gbé e.

Èmi ni,
Oníbàárà yín ní Kugbo.
(Orúkọ àti nọ́ńbà mi wà lórí rìsíìtì.)