Ìwé ẹ̀bẹ̀ àwọn obìnrin amọ̀kòkò Ẹbu Dada, Òkèlele, Ìlọrin

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ wa àti gbogbo àwọn Káńsílọ̀,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Àwa obìnrin tí a ń mọ ìkòkò, ìṣasùn àti àmù ní Ẹbu Dada ni a kọ ìwé yìí. Ohun kan ṣoṣo ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún: kí ẹ fi amọ̀kòkò kan láàárín wa sínú ìgbìmọ̀ tó ń jíròrò lórí ilẹ̀ àti ọjà, kí ó sì lè dìbò níbẹ̀ bí àwọn yòókù.

Ibi tí a ti ń wa amọ̀ ń dín kù. Ilé ń gba ilẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀, ìgbà tí wọ́n bá sì ti fa ìpìlẹ̀ tán ni a máa ń ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ló ní amọ̀ tí kò ní là nínú iná, bí a bá sì ń rà á láti ọ̀nà jíjìn, owó ọkọ̀ á ti jẹ èrè tán kí a tó sun ìkòkò.

Ẹnìkan lè sọ pé àga kan ṣoṣo nínú ìgbìmọ̀ kò tó nǹkan. Àwa kò rí i bẹ́ẹ̀, nítorí a mọ ibi tí àwọn ìyá wa ti bẹ̀rẹ̀. Nínú ìdìbò 1959, àwọn obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ tí à ń bá ná ọjà kan náà tẹ̀ka, àwọn ìyá wa ní Ìlọrin sì jókòó sílé, torí pé abẹ́ Ẹkùn Àríwá ni a wà, òfin ibẹ̀ kò sì fún obìnrin ní ẹ̀tọ́ ìbò. Ọdún 1976 ni ó tó yí padà. Ẹ̀tọ́ náà kò sọ ẹnì kankan di olówó, ṣùgbọ́n láti 1979 tí wọ́n ti ń dìbò yan ààrẹ àti gómìnà, olóṣèlú tó bá ń wá ìbò ní láti wọ agboolé bá wọn sọ̀rọ̀. Ní 2003, Àárín Gbùngbùn Kwara rán Gbemisola Saraki lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà; nígbà tó sì di 2019, obìnrin ju ìdajì lọ nínú àwọn kọmíṣánnà tí gómìnà yàn. Ó dùn wá pé, pẹ̀lú gbogbo èyí, kò sí amọ̀kòkò kankan níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí amọ̀ wà.

Bí ẹ bá gbà fún wa, àwa fúnra wa ni yóò yan ẹni náà, kí ó lè máa jábọ̀ fún wa ní ẹbu. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rán aṣojú yín wá, kí a jọ rin ilẹ̀ amọ̀ náà, kí a sì fi ààlà rẹ̀ hàn án.

Àwa ni tiyín,
Àwọn obìnrin amọ̀kòkò Ẹbu Dada