Lẹ́tà sí Àkànní lórí bíárìn iwájú Mack rẹ̀

Houston, Texas
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹta

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà ni ìyàwó àtàwọn ọmọ wà? Mo ti ka ohun tí o kọ nípa ọkọ̀ akẹ́rù Mack rẹ lẹ́ẹ̀mẹta. O ní ó ń hu láti iwájú lápá òsì bí o bá ti kọjá kìlómítà 50 ní wákàtí kan, àwọn mẹkáníìkì tó wà nítòsí rẹ n'Íbàdàn sì ní bíárìn, irin tó ń jẹ́ kí táyà yí geere, ló bàjẹ́, pé àwọn á kàn fún nọ́ọ̀tù rẹ̀ pinpin kó lè dákẹ́. Mo bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nọ́ọ̀tù yẹn kí o tó ka lẹ́tà yìí tán. Ariwo lè dín kù lóòótọ́ bí wọ́n bá fún un, ṣùgbọ́n bíárìn tí kò ní àyè mọ́ yóò máa gbóná ni títí yóò fi jó. Bó bá jó tán, họ́ọ̀bù, irin àárín táyà tí bíárìn wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú táyà lè bọ́ kúrò lára áásù, ọ̀pá tó gbé táyà, ní márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tìwọ ti ẹrù.

Kọ́kọ́ wádìí bóyá bíárìn ni. Táyà tó jẹ gbágungbàgun máa ń hu bíi bíárìn gẹ́lẹ́. Fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú táyà náà yípo nígbà tí ọkọ̀ dúró. Bó bá ń ga tó ń relẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ rẹ, táyà ni kí o kọ́kọ́ fura sí. Ariwo táyà máa ń yí padà bí ojú ọ̀dà bá yí padà, ti bíárìn kì í sáà yí. Bẹ́ẹ̀ ni kì í tẹ̀lé ẹ́ńjìnnì: pààrọ̀ jíà, kí ìyára ọkọ̀ sì wà bó ṣe wà, ohùn bíárìn kò ní yàtọ̀.

Ẹ̀gbẹ́ wo ni? Má gbẹ́kẹ̀ lé etí, nítorí ariwo máa ń gba inú áásù àti férémù rìn. Wá ibi gbalasa tí kò sí ọkọ̀ mìíràn, kí o máa yà sọ́tùn-ún díẹ̀díẹ̀ ní nǹkan bíi kìlómítà 40. Bí o bá ń yà sọ́tùn-ún, ìwúwo ọkọ̀ á tẹ̀ sápá òsì. Bí ariwo bá le sí i nígbà náà, bíárìn òsì ni. Bó bá jẹ́ ìgbà tí o yà sósì ló le sí i, ọ̀tún ni, ohun yòówù kí etí rẹ ti sọ fún ọ.

Lẹ́yìn tí o bá ti wakọ̀ fún bí ìdajì wákàtí, fi ìwọ̀n ooru oníná pupa tí wọ́n ń yìn sí nǹkan wo àárín họ́ọ̀bù méjèèjì. Má fọwọ́ lásán kàn án. Kí ọ̀kan gbóná ju èkejì lọ jìnnà ni àmì àìsàn. Ṣùgbọ́n wo dúrọ́ọ̀mù bíréèkì pẹ̀lú: bí dúrọ́ọ̀mù bá gbóná ju àárín họ́ọ̀bù lọ, bíréèkì tí kò tú sílẹ̀ dáadáa ló ń dá a.

Wàyí o, gbé iwájú sókè. Fi igi dí táyà ẹ̀yìn, fi jáàkì sábẹ́ áásù, kí o sì gbé áásù lé sítáǹdì tó gba ìwúwo rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má wọ abẹ́ ohun tí jáàkì nìkan gbé ró. Máa fi ọwọ́ kan yí táyà, kí ọwọ́ kejì wà lára irin tó gbé họ́ọ̀bù dúró lẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù; bíárìn tó ti bàjẹ́ á máa gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ rẹ bí ẹni ń lọ iyanrìn. Lẹ́yìn náà, ti irin gígùn bọ abẹ́ táyà, kí o fi gbé e sókè-sódò, kí o máa wo òkè àti ìsàlẹ̀ táyà.

Ibí yìí ni wọ́n ti ń ná owó ọlọ́kọ̀ dànù, nítorí kíńgìpínnì, irin tó ń jẹ́ kí táyà iwájú lè yà sọ́tùn-ún sósì, tó bá ti jẹ náà máa ń mì báyìí. Sọ fún ẹnìkan kó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kí atẹ́gùn ti kún táǹkì o, kí o sì tún mì í. Bíréèkì ti so dúrọ́ọ̀mù mọ́ irin ẹ̀yìn rẹ̀ nìyẹn. Bí kò bá mì mọ́, bíárìn ló ní àyè jù. Bó bá ṣì ń mì, kíńgìpínnì ni, kò sí bíárìn tuntun tó lè wò ó sàn. Bó bá sì jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì táyà ló ń mì dípò òkè àti ìsàlẹ̀, yẹ orí táì-rọ́ọ̀dù, ọ̀pá tó so táyà iwájú méjèèjì pọ̀, wò. Bí iná ABS (ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há nígbà tí a bá tẹ bíréèkì) bá ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, má kà á sí ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀: họ́ọ̀bù tó ń mì máa ń ti sẹ́ńsọ̀ kúrò láyè rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ Mack tó ti ibí wá ni kì í lo gírísì níwájú. Ọ́ìlì jíà ló wà nínú họ́ọ̀bù, ìdérí rẹ̀ sì ní ojú tó mọ́ gaara bíi gíláàsì. Nu ún kí o wò ó. Bí ọ́ìlì bá funfun bí omi ògì, omi ti wọlé. Ọkọ̀ tó máa ń gba inú àgbàrá kọjá lásìkò òjò kì í pẹ́ ní irú rẹ̀. Bó bá ń dán yanranyanran bí eruku fàdákà, irin bíárìn ló ń bó. Bó bá dúdú tó ń rùn bí ohun tó jó, ooru ti pọ̀ jù níbẹ̀. Bí ọ́ìlì bá ti ya sára láìnì bíréèkì, síìlì ẹ̀yìn, èyí tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jáde, ti kú, láìnì yẹn kò sì ṣeé fọ̀ lò mọ́: pààrọ̀ tọ̀tún tòsì, kí bíréèkì má baà máa fa ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Bó bá ti dá ọ lójú, lọ ra nǹkan. Bíárìn méjì ló wà nínú họ́ọ̀bù kan, ti inú àti ti ìta, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì pín sí kóònù tó gbé rólà àti kọ́ọ̀pù tó há sínú họ́ọ̀bù. Fún áásù iwájú 12,000 páùn, bíi kìlógíráàmù 5,440, tó wọ́pọ̀ jù, ti inú ni HM212049 pẹ̀lú kọ́ọ̀pù HM212011, tí wọ́n ń tà pa pọ̀ ní SET413. Ti ìta ni 3782 pẹ̀lú kọ́ọ̀pù 3720, SET406. Síbẹ̀, ka nọ́ńbà ara èyí tí o bá tú kí o tó sanwó, nítorí Mack tí wọ́n fi ń ru iyanrìn lè ní áásù tó nípọn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ra síìlì tuntun, gásíkẹ́ẹ̀tì ìdérí họ́ọ̀bù àti sípílítì-pínnì tuntun, pínnì tí kì í jẹ́ kí nọ́ọ̀tù tú, mọ́ ọn. Bí o bá dé ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ Àrárọ̀mí ní Agodi Gate, má ra bíárìn tòkunbọ̀, bó ti wù kó dán tó. Kí kóònù àti kọ́ọ̀pù jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ kan náà, kí nọ́ńbà wọn sì hàn ketekete lára irin fúnra rẹ̀, kì í ṣe lára páálí nìkan. Wọn á sọ fún ọ pé kóònù nìkan tó, kí o dá kọ́ọ̀pù sí nítorí ó ṣòroó yọ. Má gbà. Ọgbẹ́ tí rólà àtijọ́ dá sí kọ́ọ̀pù ni yóò pa rólà tuntun.

Títú rẹ̀ kò le. Yọ táyà, dẹ bíréèkì sílẹ̀ kí láìnì má há dúrọ́ọ̀mù, jẹ́ kí ọ́ìlì ṣàn sínú abọ́, yọ pínnì, nọ́ọ̀tù, wọ́ṣà àti kóònù ìta. Họ́ọ̀bù pẹ̀lú dúrọ́ọ̀mù wúwo, ènìyàn méjì tàbí kẹ̀kẹ́ ìgbé-táyà ni kó gbà á, kí ó má fi ara nù ún mọ́ tírẹ́ẹ̀dì (eyín tí nọ́ọ̀tù ń wé mọ́) sípíńdù, ọ̀pá irin tí họ́ọ̀bù ń yí lé lórí, bó ṣe ń jáde. Kọ́ọ̀pù á jáde bí o bá fi irin tó rọ̀ tì í láti ẹ̀yìn, ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan, òsì lẹ́ẹ̀kan. Bó bá kọ̀, kí wẹ́dà fa ìlà iná kan yípo inú rẹ̀. Bó bá tutù, á sún kì, á sì jábọ́ fúnra rẹ̀. Họ́ọ̀bù irin nìkan ni o lè ṣe èyí fún. Bó bá jẹ́ alumíníọ̀mù, omi gbígbóná ni kí o dà sí i kó fẹ̀. Bíárìn tuntun kò gbọ́dọ̀ sí nítòsí nígbà tí wẹ́dà ń ṣiṣẹ́, nítorí iná mànàmáná tó bá gba inú bíárìn kọjá á dá ihò wẹ́wẹ́ sí i lára.

Fi kẹrosíìnì fọ àwọn èyí tó jáde, kí o wo ojú wọn dáadáa, nítorí wọ́n á sọ ohun tó pa wọ́n. Bí ojú kọ́ọ̀pù bá bó bí ògiri tó ń ṣí, ó ti ru ẹrù kọjá agbára tàbí ọjọ́ rẹ̀ ti pé. Bí ojú ihò bá jìn sí i ní ibi tí rólà kọ̀ọ̀kan ń gbé, kòtò ló gbá a. Ìlà ìpẹtà jẹ́ iṣẹ́ omi. Àwọ̀ búlúù jẹ́ iṣẹ́ ooru. Bí orí rólà lápá tó tóbi bá ha yánnayànna, ọ́ìlì kò tó o. Bí apá kan kọ́ọ̀pù nìkan bá jẹ, wọn kò jẹ́ kó jókòó dé ìdí nígbà tí wọ́n fi sí i.

Wo sípíńdù pẹ̀lú. Fa èékánná lórí ibi tí kóònù ń jókòó. Bí èékánná bá ń kọ́, kóònù ti ń yí lórí rẹ̀. Bí sípíńdù bá ti di búlúù, pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì á ní kí àwọn wẹ́dà kún un kí wọ́n sì fi léèsì, ẹ̀rọ tó ń gé irin, gé e. Fún ohun mìíràn, ó lè dára. Fún irin kan ṣoṣo tó so táyà iwájú mọ́ ọkọ̀, má gbà, nítorí irin tí wẹ́dà ti yọ́ tún padà máa ń gé láìkìlọ̀.

Lu kọ́ọ̀pù tuntun wọlé lọ́gbọọgba títí ohùn òòlù yóò fi yí padà tí yóò dún kì. Fi ewé fílà (feeler gauge, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi ń wọn àyè) 0.002 íǹṣì wò ó: kò gbọ́dọ̀ lè wọ abẹ́ kọ́ọ̀pù. Kí o tó to bíárìn, rẹ wọ́n sínú ọ́ìlì kan náà tí o máa lò. Má fi gírísì kùn wọ́n nínú họ́ọ̀bù tó ń lo ọ́ìlì, nítorí á dí ọ̀nà ọ́ìlì. Bó bá jẹ́ ti onígírísì ni tìrẹ, fi àtẹ́lẹwọ́ ti gírísì wọ ẹ̀gbẹ́ tó tóbi títí yóò fi yọ ní ẹ̀gbẹ́ kejì yípo, má sì po irú méjì pọ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí o dúró tì wọ́n fúnra rẹ nìyí. Bí kóònù ìta, wọ́ṣà àti nọ́ọ̀tù bá ti wọlé, fi sípánà tọ́ọ̀kì, èyí tó ń wọn agbára tí o fi ń fún nọ́ọ̀tù, fún un dé 200 lb-ft (òṣùwọ̀n agbára náà), kí ẹlòmíràn máa yí họ́ọ̀bù láìdúró. Yíyí yẹn ló ń mú rólà jókòó sí etí kóònù. Bí họ́ọ̀bù bá dúró, irọ́ ni sípánà ń pa fún ọ. Tú nọ́ọ̀tù padà ní àyípo kan gbáko. Tún un fún dé 50 lb-ft, họ́ọ̀bù ṣì ń yí. Wá tú u díẹ̀: bó bá jẹ́ nọ́ọ̀tù kan ṣoṣo tí tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ jẹ́ 12 nínú íǹṣì kan, ìdá kan nínú mẹ́fà àyípo, bó bá jẹ́ 18, ìdá kan nínú mẹ́rin. Bó bá jẹ́ nọ́ọ̀tù méjì tí wọ́ṣà wà láàárín wọn, ti inú ni kí o tú padà ní ìdajì àyípo kí o tó fún ti ìta. Ìlànà RP 618 nìyí, tí Technology & Maintenance Council ti American Trucking Associations, ẹgbẹ́ àwọn onílé-iṣẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù ní Amẹ́ríkà, ń tẹ̀ jáde.

Kò tíì parí. Gbé dáyà géèjì, ohun èlò tó ń wọn bí irin ṣe ń mì tó, lé họ́ọ̀bù kí ẹnu rẹ̀ kan orí sípíńdù, kí o fi ọwọ́ méjì ti họ́ọ̀bù wọlé kí o fà á jáde, bí o ti ń yí i sọ́tùn-ún sósì díẹ̀. Àyè tó gbọ́dọ̀ wà ni 0.001 sí 0.005 íǹṣì, bí ìnípọn irun orí kan. Kò sí ọwọ́ mẹkáníìkì tó lè mọ èyí lára, bó ti wù kó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tó. Bí àyè kò bá sí rárá, ooru á mú irin fẹ̀, rólà á há, ọ́ìlì á ṣàn bí omi, bíárìn á jó. Bí àyè bá pọ̀, rólà díẹ̀ ni yóò máa ru gbogbo ẹrù, síìlì á sì jẹ. Bí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ rẹ kò bá ní dáyà géèjì, wá a lọ́dọ̀ àwọn tó ń fi léèsì gé irin. Bí ihò pínnì kò bá bára mu, sún nọ́ọ̀tù sí ihò tó sún mọ́ ọn jù, kí o tún un wọ̀n; bó bá kéré sí 0.001, dẹ̀ ẹ́. Ìṣó tàbí wáyà kò gbọ́dọ̀ dípò sípílítì-pínnì.

Rọra da ọ́ìlì dé ìlà ojú ìdérí, dúró bí ìṣẹ́jú 15 kó lè ṣàn dé ẹ̀yìn, kí o sì kún un. Bó bá jẹ́ nọ́ọ̀tù táyà M22 ló wà lára họ́ọ̀bù rẹ, 450 sí 500 lb-ft ni kí o fún un, kí o sì tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn kìlómítà 80 sí 160. Kó tó ru ẹrù, wa ọkọ̀ náà lófìfo lọ Ọ̀yọ́ kí o bọ̀, kí o sì tún fi ìwọ̀n ooru wo họ́ọ̀bù méjèèjì níbi tí o bá dé.

Síìlì ni kò dá mi lójú pé wàá rí èyí tó bá a mu lọ́jà. Bí o bá ti tú u, ya fọ́tò nọ́ńbà ara rẹ̀ àti ti kóònù méjèèjì, kí o fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lọ́jọ́ kan náà. Ẹnìkan ń bọ̀ nílé lóṣù tó ń bọ̀, mo lè fi síìlì méjì rán an.

Bá mi kí ìyá.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àlàbí